Ọlọ́sàn ló yan ọsàn tó bẹ́ fún ọ: lórí àwọn tó ti tọ́ Resident Evil Requiem wò

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń tọ́jú owó de Resident Evil Requiem, géèmù ẹlẹ́rù tó ń bọ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2026. Gbogbo akọ̀ròyìn tó gbá a ní Jámánì ló ń pariwo pé ẹ̀rù inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mi ò rí ẹyọ kan tó bú u. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti fún gbogbo wọn lówó, pé kí n má dá wọn lóhùn. Ẹ wò ó, mo ti ra géèmù ẹlẹ́rù kan rí nítorí irú ariwo yìí, ó sú mi kí n tó gbá a dé ìdajì. Ṣé kí n sanwó sílẹ̀ ni àbí kí n dúró? Ẹ sì tún bá mi sọ eléyìí: wọ́n ní èèyàn lè gbá a bí ẹni pé ojú ara rẹ̀ ló fi ń wò, ó sì lè máa wo ẹni tó ń darí nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èwo ni kí n mú? PS5 ni mo ní.”

Àbúrò mi, ìwọ náà kú ìfẹ́ géèmù. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ kó tó kan ti ojú àti ẹ̀yìn. Ti owó kọ́kọ́ hàn: 70 dọ́là ni wọ́n ń tà á, bí o bá sì gbé iye yẹn sórí náírà, àyà á já. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ pé ó ń dùn ọ́ jù ni pé wọ́n ti fi ariwo mú ọ lẹ́ẹ̀kan, o ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọ́ ṣe ọ̀bọ. Màá dé orí owó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lọ́ pọ̀ mọ́ra, torí pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ṣì í, ẹ kàn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó ti géèmù tí kò tíì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí iṣẹ́ mi ò ju kí n máa wá ibi tó bàjẹ́ lára rẹ̀ kiri. Lẹ́yìn náà mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà kọ ìròyìn géèmù. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó fi owó sínú àpòòwé fún mi rí. Àyè ni wọ́n máa ń fún wa: àga, pádì, ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn owó ọkọ̀ òfúrufú àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, èyí tí ilé ìròyìn tó bá mọ ojú ara rẹ̀ máa ń sọ fún òǹkàwé. Mi ò ní tàn ọ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì kì í rọ èèyàn nínú. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, dòdò kọ́ ló fa gbogbo ìyìn yẹn.

Àṣà iṣẹ́ náà ló fà á. Ẹni tó lọ tọ́ géèmù wò nígbà tó ṣì wà lórí iná kò lọ dá ẹjọ́ fún un. Bó bá rí ibi tí àwòrán ti ń gán, á ní wọ́n á tún un ṣe kó tó jáde. Bí ìjà inú rẹ̀ kò bá yá a lọ́wọ́, á ní ọwọ́ òun ni kò tíì mọ́ ọn. Bí ẹ̀rù kò bá bà á, á di ẹ̀bi ariwo tó wà nínú gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bá fi gbogbo ìyẹn jì wọ́n tán, ìyìn nìkan ló máa kù tó lè kọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì rí bí ẹ̀tàn lójú mi, bí ọmọlúàbí ló rí. Nítorí náà, pé o ò rí ẹni tó bú Requiem, ẹ̀rí kọ́ ni yẹn pé ó dára, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n gba rìbá. Bí ìròyìn irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ní Gamescom, ìpàtẹ géèmù tí wọ́n ti tọ́ ọ wò ní Jámánì yẹn, géèmù yìí gba àmì-ẹ̀yẹ bíi mélòó kan, nígbà tí kò tíì sí ọmọ aráyé kan lẹ́yìn àwọn tó ń ṣe é tó gbá a parí. Àmì-ẹ̀yẹ fún ọbẹ̀ tí a kàn fi ṣíbí kan tọ́ wò!

Tìrẹ wá kàn báyìí. O ní wọ́n ti “gbá a”. Wọn ò gbá a. Capcom, ilé-iṣẹ́ ará Osaka ní Japan tó ni Resident Evil, gbé apá kékeré kan lára rẹ̀ lọ sí ìlú Köln ní Jámánì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sì fi síbẹ̀ fún akọ̀ròyìn àti fún ará ìta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè dúró lórí ìlà. Kò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Ashcroft, òṣìṣẹ́ FBI tó mọ ìwé ju ìbọn lọ, là lójú ó bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dè é mọ́, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gba ojú abẹ́rẹ́ jáde lára rẹ̀. Ó fọ́ ìgò, ó fi àfọ́kù rẹ̀ gé okùn, ó já lulẹ̀ gbì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn ló kù, àti láítà kékeré kan, àti ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí àfi bó bá rí fíúsì. Ẹ̀dá ràgàjì kan tó jọ obìnrin wà nínú òkùnkùn náà, òun ni kì í fẹ́ dé ibi tí iná bá wà. Grace ò ní ohun ìjà gidi kankan. Ó sá, ó fara pamọ́, ó tún sá. Ó tán. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ ìròyìn tó o kà. (Ìyá Grace, Alyssa, tó ti wà nínú Resident Evil Outbreak ní ọdún 2003, akọ̀ròyìn ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀.)

Wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Níbi ayẹyẹ The Game Awards, Capcom ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀: Leon S. Kennedy náà wà nínú géèmù yìí, ẹni tó ń gbá a ni yóò sì máa darí rẹ̀. Leon tí a ti mọ̀ láti Resident Evil 2 ní ọdún 1998 ni mo ń wí o, ọ̀gbẹ́ni tó ń yìnbọn mọ́ orí òkú tó ń rìn, tó tún ń fi ìpá lé e. Ẹni tó bá ń fi Leon ṣeré kì í sá wọ abẹ́ tábìlì. Èyí ni pé odindi ẹ̀dá kan, tí ìrìn rẹ̀ àti ìjà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Grace, ni kò sí lójú àwọn tó kọ̀wé láti Köln. Wọn ò purọ́ fún ọ. Ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn ni wọ́n sọ. Ọlọ́sàn tó bẹ́ ọsàn kan fún ọ pé kí o tọ́ ọ wò kò parọ́, ọsàn náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, òun ló mọ èyí tó mú.

Jẹ́ kí n mú ọ wọ inú irú yàrá tí wọ́n ti ń bẹ́ ọsàn yìí. Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ mi lọ́rùn. Tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú mi fẹ̀ ju ilẹ̀kùn yàrá mi nílé lọ. Ọmọbìnrin kan tó bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ fi hẹ́dífóònù dé mi létí, ó ní bí mo bá há síbì kan kí n ṣáà nawọ́ sókè, ó wá lọ dúró sẹ́yìn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rìn nínú ilé àtijọ́ tó wà nínú géèmù náà, omi ń kán ní etí òsì mi, tó, tó, tó. Mo ti ń bá a rìn lọ, mo ti gbàgbé pé mò ń gbọ́ ọ, àfi bó ṣe dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ó bà mí lẹ́rù. Orí mi wú. Kí n tó yíjú, ọwọ́ kan ti gbá mi lọ́rùn mú, mo sì figbe ta débi pé mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin náà gba inú hẹ́dífóònù wọlé. Ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo rẹ̀. Mo délé, mo kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tí géèmù ti bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo kọ.

Géèmù yẹn jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo gbá a nínú yàrá tèmi, pẹ̀lú òórùn ẹja tí aládùúgbò mi ń dín. Omi tún kán, ó tún dákẹ́, ọwọ́ tún wá. Nígbà tí mo fi dé wákàtí kẹfà, ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án. Bí omi bá ti dákẹ́ báyìí, màá gbé pádì sílẹ̀, màá mu omi tèmi, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ ń bọ̀, mo sì mọ bọ́tìnnì tí màá tẹ̀. Gbogbo ohun tí géèmù náà ní lọ́wọ́ ni wọ́n ti kó fún mi nínú ìṣẹ́jú 25 yẹn. Àwọn kan ti sanwó nítorí ohun tí mo kọ. Kò sẹ́ni tó wá bá mi jà nínú wọn, bóyá wọn ò tiẹ̀ rántí ẹni tí wọ́n kà. Èmi rántí. Bóyá géèmù tó sú ìwọ náà dé ìdajì, irú rẹ̀ ni.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò ta kókó. Ẹ̀rù kì í bá ohun tí a ti mọ̀ gbé. Egúngún tó bá ń jáde ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn ọmọdé á máa fà á láṣọ. Nínú ìdajì wákàtí, o ò tíì mọ nǹkan kan: o ò mọ̀ bóyá ẹ̀dá náà lè ṣílẹ̀kùn, o ò mọ bó ṣe ń gbọ́ràn tó. Àìmọ̀ yẹn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdẹ́rùbani, ọ̀fẹ́ ló sì jẹ́ fún ẹni tó ń ṣe géèmù. Ikú ló ń ba tiẹ̀ jẹ́. Nígbà tí àǹjọ̀nú bá kọ́kọ́ pa ọ́, àyà rẹ á là gàrà. Tó bá pa ọ́ lẹ́ẹ̀kejì níbì kan náà, inú á bí ọ. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, o ò rí àǹjọ̀nú mọ́, gosiló lò ń rí, nǹkan kan tó dí ojú ọ̀nà tó ò jẹ́ kí o dé ibi tí ò ń lọ. Bí kò bá sì pa ọ́ rárá, wàá tètè fura pé kò ní eyín. Ìṣirò tó le jù nínú irú géèmù yìí nìyẹn, mo sì ti rí ibi tí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ti jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n nínú dẹ́mò, ìyẹn apá kékeré tí wọ́n ń gbé lọ sí ìpàtẹ fún ìtọ́wò, wọn kì í ṣe ìṣirò yẹn. Èyí tí mo bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí, ńṣe la dín agbára ẹ̀dá inú rẹ̀ kù kí èèyàn má bàa há síbẹ̀, nítorí pé ìlà ti gùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó jáde lẹ́yìn ikú kan ṣoṣo máa ń jáde pẹ̀lú ẹ̀rù lára. A mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti àìtó ohun ìlò tún wà. Resident Evil àkọ́kọ́ tí Shinji Mikami darí ní ọdún 1996, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni èèyàn fi ń tọ́jú ibi tó dé, ẹ̀rọ náà ò sì ṣiṣẹ́ láìsí rìbọ́ǹ, rìbọ́ǹ níye. Fojú inú wò ó: ó ku ọta mẹ́ta, ó ku rìbọ́ǹ kan, o ti gbá a láti ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn kan wà níwájú rẹ tí o ò ṣí rí. Ìgbà yẹn, kò sí ohun kankan lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tó tún nílò láti burú. Ìwọ fúnra rẹ lo ń dẹ́rù ba ara rẹ. Ìdajì wákàtí ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ẹni tó ń tọ́ géèmù wò kò ní ọ̀la nínú rẹ̀, nítorí náà gbogbo ọta tó bá rí ló máa yìn tán, á sì wá sọ fún ọ pé ìjà inú rẹ̀ dùn.

Ìdí wà tí mo fi ń ṣọ́ra fún ti Requiem ní pàtó. Koshi Nakanishi tó darí rẹ̀, òun náà ló darí Resident Evil 7. Ní ìpàtẹ géèmù E3 ti ọdún 2015, Capcom de ẹ̀rọ VR, èyí tó ń mú kó dà bíi pé inú géèmù gan-an lèèyàn wà, mọ́ àwọn akọ̀ròyìn lójú, wọ́n fi ohun kan tí wọ́n pè ní Kitchen hàn wọ́n: wọ́n ti dè ọ́ mọ́ àga nínú ilé ìdáná ẹlẹ́gbin kan, obìnrin kan sì ń mú ọ̀bẹ bọ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Resident Evil ni. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni wọ́n tó sọ ọ́, wọ́n sì gbé dẹ́mò kan jáde fún àwọn oní-PlayStation lójú ẹsẹ̀: ilé kan nínú oko, téèpù fídíò kan, kò sí òkú tó ń rìn, ìjà ò sí. Ìlú pín sí méjì. Àwọn kan ní Resident Evil ti kú, pé ìtàn iwin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ohun tí àwọn ti ń dúró dè nìyẹn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2017 géèmù náà jáde, ìbọn wà nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá dúdú tó ń yọ́ bí ọ̀dà wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àti ewé ìwòsàn wà níbẹ̀ bíi tàtijọ́. Dẹ́mò yẹn kò tiẹ̀ sí lára géèmù gangan. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é. Ó dára o, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n àti ẹni tó fi dẹ́mò bú u, àti ẹni tó fi dẹ́mò yìn ín, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀. Nítorí náà nígbà tí mo kà nípa Grace tí kò nìbọn ní oṣù Kẹjọ, mo rẹ́rìn-ín, mo ní Nakanishi ti tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Leon yọjú.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn, ọgbọ́n ọjà ni. Èyí tó burú wà. Aliens: Colonial Marines jáde ní oṣù Kejì ọdún 2013 lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń fi hàn níbi ìpàtẹ. Iná, òjìji àti ìrìn àwọn ẹ̀dá inú ohun tí wọ́n fi hàn fani mọ́ra gan-an ni. Géèmù tí àwọn èèyàn rà délé, àwọn ẹ̀dá náà ń sáré lọ kọ lu ògiri. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà ní Bìrìtìkó, Sega tó gbé géèmù náà jáde sì gbà pé fídíò tí wọ́n fi polówó kò bá ohun tí wọ́n tà mu. Ní Amẹ́ríkà wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ìròyìn tó gbòde ní ọdún 2018: ẹnì kan yẹ fáìlì géèmù náà wò, ó rí i pé níbi tó yẹ kí wọ́n kọ “tether” sí, “teather” ni wọ́n kọ. Ó yọ lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, làwọn ẹ̀dá náà bá gbọ́n sí i. Akọ̀ròyìn wo ló fẹ́ rí ìyẹn, nígbà tí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ò rí i?

Ó sì lè já sí òdìkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, fídíò tí wọ́n fi ìjà inú Silent Hill 2 tuntun hàn, ńṣe ni àwọn èèyàn fi Bloober Team, àwọn ará Poland tó ń ṣe é, ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jáde ní oṣù Kẹwàá, àwọn tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ wà lára àwọn tó ń yìn ín. Alien: Isolation ti ọdún 2014 ní tiẹ̀, ẹ̀dá kan ṣoṣo ló ń lé ọ kiri nínú ibùdó ńlá kan ní gbalasa òfuurufú, gbogbo ẹni tó tọ́ ọ wò ló jáde pẹ̀lú òógùn lára. Àwọn tó wá gbá a fún wákàtí bí ogún ní ilé ló pín sí méjì: ilé ìròyìn géèmù IGN fún un ní 5.9 nínú 10, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ PC Gamer fún un ní 93 nínú 100. Géèmù kan náà ni o. Ohun tó pín wọn níyà ni bóyá èèyàn lè gbé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ fún ogún wákàtí, ìdajì wákàtí ò sì lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ìyẹn.

Kí n yà bàrá díẹ̀ kí n tó dé orí owó, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí fídíò Resident Evil 5 kan jáde ní ọdún 2007, òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yìnbọn pa èrò aláwọ̀ dúdú ní abúlé kan ní Áfíríkà. Èyí tó pọ̀ nínú ìròyìn tí mo kà nígbà náà, bí oòrùn inú àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ tó ni wọ́n ń sọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń kọ̀wé, N'Gai Croal ti ìwé ìròyìn Newsweek wà lára wọn, ló bèèrè pé ṣé ẹ̀yin yòókù ò rí ohun tó wà níwájú yín ni. Nítorí náà nígbà tó o bá ń ka ìròyìn ìtọ́wò, máa wo ẹni tó mú pádì lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Báwo wá ni èmi ṣe ń kà á? Ọ̀rọ̀ ìyìn kì í dá mi dúró. “Ó bani lẹ́rù, ó rẹwà, ó kàmàmà”, mo ti fò ó. Ohun tí ọwọ́ ẹni náà ṣe ni mò ń wá. Bí akọ̀ròyìn kan bá ní òun tan láítà, òun rí i pé ẹ̀dá náà fà sẹ́yìn, òun wá ń ti àtùpà kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń fo òkúta nínú odò, mo ti rí nǹkan mú. Ìyẹn á wà nínú géèmù bó ti wù kó rí, mo sì lè bi ara mi bóyá yóò ṣì dùn ní ìgbà ogún. Mo máa ń wò ó bóyá òun ló ń ṣeré tàbí ẹlòmíràn ló ń ṣe é tó ń wòran. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀ bí ìyàtọ̀ ẹni tó wa ọkọ̀ àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Mo máa ń wò ó bóyá ó kú, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó kú. Bí kò bá sọ̀rọ̀ ikú rárá nínú géèmù ẹlẹ́rù, ó kú díẹ̀ káàtó. Nínú ìròyìn Köln yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn jọ sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ilé ìròyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni pé Grace fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n, pé èémí rẹ̀ ń já, àti pé òkùnkùn inú rẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn eré. Ìyẹn ni mo gbà. Mo gbà pé wákàtí àkọ́kọ́ pẹ̀lú Grace yóò dára. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò tíì gba nǹkan kan.

Owó ńkọ́? Bó bá jẹ́ èmi, màá dúró. Géèmù tí a ń gbà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tán lórí àtẹ, aṣọ tí wọ́n ń fi fún Grace gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ẹni tó tètè sanwó kò sì tó ohun tí èèyàn ń sáré sí. Ìròyìn àwọn tó gbá a parí sábà máa ń jáde ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ìjáde. Wá ẹyọ kan tó sọ̀rọ̀ nípa wákàtí kẹjọ, kẹsàn-án, kó o ka ìyẹn dípò mẹ́wàá tó sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí màá gbé síwájú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe so Grace àti Leon pọ̀: lẹ́yìn tí Leon bá ti pa ogún òkú láìlàágùn, ṣé Grace ṣì lè bẹ̀rù ọ̀kan? Bí wọ́n bá rí ìyẹn ṣe, géèmù ńlá ni. Bí wọn ò bá rí i ṣe, ìdajì rẹ̀ ni wàá máa fò.

Àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè dúró. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á bá gbá a lọ́jọ́ kìíní, tí wọ́n á sì máa sọ ìparí rẹ̀ lójú rẹ, sanwó sílẹ̀ kó ju ọjọ́ 14 lọ ṣáájú ìjáde, kí o má sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbà á wọlé. Lábẹ́ òfin PlayStation, o lè gba owó yẹn padà nígbàkúùgbà kí ọjọ́ ìjáde tó pé. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà á wọlé, o ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Kí o rántí pé bó bá jẹ́ gift card Amẹ́ríkà lo fi san án bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, inú àkáǹtì ibẹ̀ ni owó náà á padà sí, kò ní padà sí ọwọ́ rẹ. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá a láti orí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló rọ̀ lọ́rùn jù: wọ́n lè gbá a fún bíi wákàtí kan àbọ̀, kí wọ́n dá a padà bí kò bá tíì pé wákàtí méjì àti ọjọ́ 14. Ohun tí mi ò lè bá ọ ṣe ni pé kí n sọ bóyá ẹ̀rù á bà ọ́. Ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ò bà mí lẹ́rù mọ́, iṣẹ́ ti gbà á lára mi. Omi tó dákẹ́ lójijì ni mo ṣì ń sá fún. Ìwọ lo mọ tìrẹ.

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì, fi ojú Grace wò ó. Bí o bá ń wò ó láti ẹ̀yìn, ìwọ mọ̀ jù ú lọ: o ń rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, o ń rí igun ògiri kó tó dé ibẹ̀. Bí o bá wọ inú ojú rẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn kò sí níbì kankan àfi nínú etí rẹ, wàá sì ní láti pinnu bóyá wàá yíjú. Ti Leon, ẹ̀yìn ló dára jù, torí ìjà pọ̀ nínú tiẹ̀, ó yẹ kí o rí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Capcom fi àyè sílẹ̀ láti yí i padà bó ṣe wù ọ́. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, jókòó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n díẹ̀, kí o tan gílóòbù kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀. Kí o sì máa tọ́jú ibi tó o dé ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gbà ọ́ láyè, torí bí àwọn oníná bá mú iná lọ nígbà tí ẹ̀dá yẹn ń bọ̀, láítà Grace ò ní tan PS5 fún ọ.